Ẹfun lórí Tákàdá Aró: Àwọn Àwòrán Ìhòhò Prud'hon

Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa bá rí àwòrán ìhòhò tí Pierre-Paul Prud'hon yà, wọn a yí ojú kúrò. A kò bá wọn wí. Síbẹ̀ a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un wò, nítorí ìmọ́lẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wá, ara ènìyàn ni ó sì ti rí i.

Cluny ni a bí i sí ní ọdún 1758. Paris ni ó kú sí ní 1823. Ẹfun funfun àti ẹfun dúdú ni ó ń lò lórí tákàdá aláwọ̀ aró. (Ẹfun dúdú ṣàjèjì létí wa, àwa tí a mọ ẹfun mọ́ funfun; pierre noire ni àwọn Faransé ń pè é.) Àkísà aláró ni wọ́n sábà fi ń ṣe irú tákàdá bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Prud'hon kì í bo aró yìí tán. Òun ni ó fi sílẹ̀ fún ibi tí kò mọ́lẹ̀ tí kò sì ṣókùnkùn. Dúdú ń ti ẹ̀yìn àti ìhà sínú òjìji, funfun ń gbé èjìká àti itan jáde. Bí a bá sún mọ́ ọn, ilà wẹ́wẹ́ lásán ni; bí a bá fà sẹ́yìn, awọ ara ni, bí ẹni pé òṣùpá ń ràn lé e.

Àwọn kan sọ pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti David. A kò fara mọ́ ọn. Kí wọ́n lọ wo iṣẹ́ ọ̀dà rẹ̀ ti 1808, La Justice et la Vengeance divine poursuivant le Crime, tí ó ṣe fún ilé ẹjọ́ ọ̀daràn ní Paris, tí ó wà ní Louvre lónìí. Òkú ọ̀dọ́mọkùnrin kan nà gbalaja sílẹ̀ ní ìhòhò lábẹ́ òṣùpá. Rírọ̀ ara náà gan-an ni ó mú kí ẹ̀ṣẹ̀ apànìyàn tí ń sá lọ wúwo lójú wa.

Ohun tí ó ń dùn wá wà níbòmíràn. Obìnrin a máa bọ́ṣọ níwájú ẹfun, bí Marguerite tí Prud'hon yà. Ṣùgbọ́n kò rọrùn fún obìnrin láti di ẹfun náà mú. École des Beaux-Arts ní Paris kò gba obìnrin wọlé títí di 1897. Constance Mayer, akẹ́kọ̀ọ́ Prud'hon tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1821, a máa gbé iṣẹ́ ọ̀dà tirẹ̀ ka àwòrán ẹfun ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí ó yá, orúkọ Prud'hon ni wọ́n fi ń pe díẹ̀ nínú iṣẹ́ obìnrin náà. A kò lè wo àwọn ìhòhò wọ̀nyí mọ́ láìrántí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àwọn àwòrán ẹfun náà fúnra wọn ní láti ní sùúrù. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í gbé wọn kọ́ pẹ́, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa jẹ aró, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláró wa ti mọ̀. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó ti di àwọ̀ eérú.