TA NI Ó NI ORIN? ÀGBÉYẸ̀WÒ IṢẸ́ LÁMÈYÍTỌ́ LÓRÍ ÀWO ORIN LED ZEPPELIN ÀKỌ́KỌ́

1.0 Ìfáàrà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni ojú tí àwọn lámèyítọ́ fi wo àwo orin àkọ́kọ́ tí Led Zeppelin, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 1969. Orin búlúùsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni orísun púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn.

2.0 Ẹjọ́ àkọ́kọ́

Ní oṣù kẹta ọdún náà, John Mendelsohn bu ẹnu àtẹ́ lu àwo yìí nínú ìwé ìròyìn Rolling Stone. Ó fi í wé Truth, àwo tí Jeff Beck gbé jáde ní 1968, ó sì ní Led Zeppelin kò rí nǹkan tuntun sọ lẹ́yìn rẹ̀. Àfiwé náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé “You Shook Me” wà nínú àwo méjèèjì. Ó tún ní àwọn orin tí Jimmy Page ṣẹ̀dá kò lágbára. Níbí ni ọ̀rọ̀ wà: páálí àwo ni ó gbà gbọ́. Ibi tí páálí ti dárúkọ Willie Dixon, lámèyítọ́ dárúkọ rẹ̀. Ibi tí páálí ti dákẹ́, òun náà dákẹ́.

3.0 Ohun tí páálí kò sọ

Páálí náà ní Page ni ó ni “Dazed and Confused”, bẹ́ẹ̀ Jake Holmes ti gbé orin tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí jáde ní 1967. Holmes pẹjọ́ ní 2010; orúkọ rẹ̀ sì hàn lórí àwo tí ẹgbẹ́ náà gbé jáde ní 2012. “Babe I'm Gonna Leave You” ni wọ́n pè ní orin àjogúnbá, àfi ìgbà tí ó di 1990 ni Anne Bredon, tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀, tó rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀.

Oníjàálá a máa júbà ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ eré. Ìbà náà kò dí i lọ́wọ́ láti fi tirẹ̀ kún un. Òun gan-an ni ó ń jẹ́ kí olùgbọ́ mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Page. Ọ̀pá gòjé òyìnbó tí ó fi fa okùn gìtá nínú orin Holmes, àti ìlù John Bonham tí ó rinlẹ̀, jẹ́ àfikún gidi. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n gbà kò lè díwọ̀n ohun tí wọ́n fi kún un.

4.0 Ìkádìí

Ní 2003, Rolling Stone kan náà fi àwo yìí sí ipò 29 nínú 500 àwo tí ó dára jù lọ. Èébú di ìyìn, ṣùgbọ́n ìyípadà yẹn nìkan kò sọ ẹni tí ó ni orin. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti wádìí orísun ṣáájú ìdájọ́. Bí ó bá fi í sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ ni yóò bá a ṣe é.