Ẹ Jẹ́ Kí Orin Sọ Tirẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé wá fún àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rádíò, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti lo orin àtijọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Bàbá wa kan wà tó ń kọ ẹ̀fẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Tí Gèlèdé bá jáde lóru, òun ni gbogbo èrò ń dúró dè. Ẹnì kan gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí bàbá kú, kásẹ́ẹ̀tì náà dé ilé iṣẹ́ rádíò kan. Ní ọjọ́ kan, wọ́n kéde pé àwọn yóò lò ó lálẹ́. Ìyáálé ilé, tí í ṣe opó bàbá, gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ rádíò. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀. Ẹni tó ń gúnyán dá ọmọ odó dúró.

Ìlù bẹ̀rẹ̀. Ohùn bàbá jáde. Omi bọ́ lójú ìyá. Kò pẹ́ rárá tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi já lu orin. Ó kí onímọ́tò kan, ó kí ẹni tó ń sọmọ lórúkọ, ó ní, "Ẹ ò gbọ́ bó ti ń dùn!" Nígbà tó fi máa dákẹ́, ibi tí bàbá ti ń ki ìyá rẹ̀ ti kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ìyá wa ń retí. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Òkú kì í tún orin kọ."

Mo ti rò pé àwa nìkan ni ọ̀ràn yìí ń bá jà. Àṣé ó ń bá àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà jà.

Ní Yúróòpù, orin àgbà kan wà tí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ kọ sórí ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò jókòó pẹ̀lú gòjé, fèrè àti ìlù, wọn yóò máa wo ìwé náà, wọn yóò sì jùmọ̀ lù ú. Ẹ wo iṣẹ́ Beethoven, ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Orin ńlá rẹ̀ karùn-ún, tí wọ́n kọ́kọ́ lù fún gbogbo ènìyàn ní ìlú Vienna ní 1808, ní apá mẹ́rin. Ó ń gba nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ní ìparí apá kẹta, gbogbo ohùn lọ sílẹ̀. Ìlù ń dún jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí àyà ènìyàn ń lù. Gòjé ń gòkè lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìsinmi rárá, gbogbo wọn bú jáde, apá kẹrin bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn kékeré yẹn kò lè mọ ìdí tí ohùn ńlá náà fi dùn. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú orin yìí, síbẹ̀ ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ilé iṣẹ́ BBC dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1946 fún irú orin bẹ́ẹ̀ àti fún ọ̀rọ̀ ìmọ̀. Third Programme ni wọ́n pè é. Ní 1967, Radio 3 gba ipò rẹ̀. Owó tí àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n ń san lọ́dọọdún ni BBC fi ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 1992, ilé iṣẹ́ mìíràn dé, orúkọ rẹ̀ ni Classic FM. Ìpolówó ọjà ni ó fi ń jẹun. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ibẹ̀ ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Wọ́n sábà máa ń mú apá kan ṣoṣo nínú orin gígùn, wọn yóò fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í gbọ́ irú orin yìí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fà wọlé. Ohun rere nìyẹn, kò yẹ kí a fi pamọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn tí ń gbọ́ Radio 3 rí i pé ilé tiwọn náà ti ń fara wé aládùúgbò. Inú bí wọn. Ní 2003, àwọn kan kó ara wọn jọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Friends of Radio 3, kí wọ́n lè máa sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn fún ilé iṣẹ́ náà.

Kí ni wọ́n ń bínú sí? Kì í ṣe pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ̀rọ̀ lé orin lórí bí ti wa. Èyí tó ń sọ láàárín orin kan sí èkejì ni. Orin kò tíì tán dáadáa, ó ti ké pé, "Ó mà dùn o!" Yóò ka iṣẹ́ tí àwọn olùgbọ́ rán sí i. Yóò polówó ètò ọ̀la àti ti ọ̀túnla. Yóò sọ fún ọ pé orin tó ń bọ̀ yóò mú ọkàn rẹ balẹ̀, bí ẹni pé ìwọ kò ní ọkàn tí ìwọ fúnra rẹ lè fi mọ̀ ọ́n.

Èmi rò pé ẹjọ́ wọn tọ́, ṣùgbọ́n kò tọ́ tán. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ má sọ ju orúkọ orin lọ. Báwo ni àlejò yóò ṣe wọlé nígbà náà? Ẹni tí kò gbọ́ Beethoven rí nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé, "Fetí sí ìlù kékeré tó ń bọ̀ yìí." Ọmọ tí a bí sí Kútọnu, tí kò rí Gèlèdé rí, nílò ẹni tí yóò sọ fún un ìdí tí a fi ń fi í yẹ́ àwọn ìyá wa sí.

Ẹ rántí bí àwa náà ṣe kọ́ ìwé. Olùkọ́ fi lẹ́tà hàn wá, ó sọ orúkọ rẹ̀, ó pè é. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ní kí a kà á. Bí ó bá ń bá wa pariwo kà á lójoojúmọ́, ta ni ìbá mọ̀wé nínú wa? Bẹ́ẹ̀ ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rere ṣe yẹ kó rí. Kí ó sọ orúkọ orin, kí ó sọ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ àti àwọn tó kọ ọ́. Kí ó tọ́ka sí ohun kan tí a ó fetí sí. Kí ó dákẹ́. Nígbà tí orin bá tán, kí ó jẹ́ kí a mí kan kí ó tó lanu. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí rádíò bá dákẹ́ díẹ̀, a ó rò pé ó ti bàjẹ́. A kò ní rò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀ràn tiwa tilẹ̀ le ju ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìlù wa ń fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sọ ọ̀rọ̀. Ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀ sí ẹsẹ̀ oníjó. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lé ìlù lórí ti gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Lóru ẹ̀fẹ̀, akọrin yóò dá orin, àwọn èrò yóò gbọ́, wọn yóò sì gbè é. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ, kí ni wọn yóò gbè? Ní 2001, àjọ UNESCO ka Gèlèdé mọ́ àwọn ohun ìní ńlá tí ẹnu fi ń jogún láyé. Tí ó bá jẹ́ ẹnu la fi ń jogún rẹ̀, etí la fi ń gbà á. Ẹni tó dí etí ọmọ ti gba ogún lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìkíni ń mú owó wá fún ilé iṣẹ́ rádíò. A kò ní kí wọ́n má kí ènìyàn. Kí wọ́n kí wọn kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, tàbí lẹ́yìn tó bá tán.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí a kò mọ̀wé, kíkùn nínú ilé nìkan ni agbára wa mọ. Nísinsìnyí a lè kọ lẹ́tà. Èyí tí a kọ nílé wa kò gùn. Ọmọ bíbí inú ìyá wa ló kọ ọ́, ìyá sì fọwọ́ sí i, nítorí òun náà ti kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ ẹni. Ó lọ báyìí: "Ẹ ṣé tí ẹ lo orin bàbá wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un lò. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi parí."

Òótọ́ ni pé òkú kì í tún orin kọ. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì lè tún un kọ, bí alààyè bá gbà fún un.