Ẹgbẹ́ àti Ìran Nínú Ìwádìí Lórí Làákàyè Àwọn Àgbàlagbà Mẹ́síkò-Amẹ́ríkà

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò ni ìwádìí Hispanic EPESE, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1993–94 pẹ̀lú 3,050 àgbàlagbà Mẹ́síkò-Amẹ́ríkà tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 65, ní Texas, California, Arizona, New Mexico àti Colorado. Ní 2004–05, wọ́n fi 902 mìíràn, tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 75, kún wọn. Èyí fún wa láyè láti fi àwọn arúgbó ìṣáájú wé àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n kí ni a ń fi wé kí ni?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ohun méjì tí Yorùbá yà sọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ ni àwọn tí a bí ní sáà kan náà; ìran ni a fi ń ka ọmọ, òbí àti òbí àgbà. Ẹni tí ó ṣí wá láti Mẹ́síkò àti ẹni tí a bí òbí rẹ̀ ní Texas lè jẹ́ ẹgbẹ́. Wọn kì í ṣe ìran kan náà ní ti ìṣípò. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, a kò ní mọ ohun tí ó yí padà.

Ìṣòro kejì ni òṣùwọ̀n. Mini-Mental State Examination, tí ó jáde ní 1975, ní máàkì 30. Ìṣírò tàbí pípe lẹ́tà ọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn gba 5. Kíkà, kíkọ gbólóhùn àti yíya àwòrán gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máàkì 8 nìyí tí ó gbára lé ohun tí ilé-ìwé ń kọ́ni. Ní Texas, ọdún 1948 ni ilé-ẹjọ́ tó dájọ́, nínú ẹjọ́ Delgado, pé yíya àwọn ọmọ Mẹ́síkò sí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ lòdì sí òfin. Ẹni tí ó pé ọdún 75 ní 2004 ti tó ẹni ọdún 19 nígbà náà. Ìdájọ́ náà kò bá a nílé-ìwé mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń dáàbò bo ọpọlọ. A kò jiyàn. Ìdí nìyẹn gan-an tí ó fi yẹ kí a ya ohun tí ẹ̀kọ́ ṣe fún ọpọlọ kúrò lára ohun tí ó ṣe fún máàkì. Ìwádìí náà ní ohun èlò rẹ̀: ó ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí a bí olúkúlùkù àti iye ọdún tí ó fi kàwé, ó sì ń padà lọ bá ẹni kan náà láti ìgbà dé ìgbà. Èrò wa ni pé bí làákàyè ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń dín kù sí ti àtẹ̀yìnwá rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Láìṣe bẹ́ẹ̀, àìkàwé ni a ó máa pè ní àìsàn.