Ọ̀gá Tí Kì í Kánjú

Ní Alaba Rago, níbi tí igbe àgbò ti ń dún mọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà tó wà lórí VirtualBox kò rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sáré pa á rẹ́. Àdírẹ́sì rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò: 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó fún un ní nọ́ńbà, òun ló fún ara rẹ̀.”

Internal Network, tí kò jáde síta, ni wọ́n so ó mọ́. Ó yí i sí NAT, tó ń jáde síta, àdírẹ́sì 10.0.2.15 yọ. Ó kan ilẹ̀kùn 10.0.2.2, ẹnu ọ̀nà NAT náà, ó jẹ́. Ó kan 8.8.8.8 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun náà jẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìgboro, kò fo ìgbésẹ̀ kankan. Sùúrù yẹn wú mi lórí gan-an. Bí tiyín bá dákẹ́, ẹ wo àdírẹ́sì rẹ̀ ná.