Ẹyin Lohùn: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ààbò Nínú Ẹ̀kọ́ Orí Fóònù

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá gbà lo fóònù láti kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020. A kò bẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ orí fóònù. Òun ni kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ dá dúró pátápátá. Èrò tiwa ni pé a gba irinṣẹ́ náà wọlé láìbèèrè ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ.

Ewu méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni ti àlejò tí ń já wọlé. Ní oṣù kẹta ọdún náà, àjọ FBI ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìkìlọ̀ lórí kíláàsì orí Zoom: ní ilé-ìwé kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ẹni kan já wọlé, ó ń ṣépè, ó sì ké àdírẹ́sì ilé olùkọ́ síta. Èkejì ni ti onílé fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ Human Rights Watch yẹ àwọn irinṣẹ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba orílẹ̀-èdè 49 fọwọ́ sí wò. Nínú 100, bí 89 ni ó ń lo ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ lọ́nà tí ó lè pa ẹ̀tọ́ wọn lára.

Àwọn kan lè sọ pé WhatsApp ni àwa lò, àti pé láti ọdún 2016 ni ẹlòmíràn kò ti lè ka ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ lójú ọ̀nà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tilẹ̀ ní ààbò, ẹni tí ó gba ohùn náà lè fi í pamọ́, ó sì lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ibí yìí ni iṣẹ́ tiwa ti yàtọ̀ sí ti olùkọ́ ìṣirò. Ìdáhùn ìṣirò kì í sọ ọmọ ẹni tí a jẹ́. Bí a bá ní kí ọmọ ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ sínú fóònù, orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ìran rẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́. Ní kíláàsì, a mọ gbogbo ẹni tí ń gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kì í tán nílẹ̀.

Òfin tí ó dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ báyìí ní Nàìjíríà, èyí tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023, ní kí a gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí a tó lo ọ̀rọ̀ nípa ọmọdé. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì gígùn ni wọ́n sábà fi ń béèrè àṣẹ náà. Lójú tiwa, àṣẹ tí a gbà lédè tí òbí kò gbọ́ kì í ṣe àṣẹ. Ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un bí kò ṣe àwa?

Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta. Kí olùkọ́ fi Yorùbá ṣàlàyé fún òbí kí ó tó gba ohùn ọmọ sílẹ̀. Kí olùdánwò gba ewì tí gbogbo kíláàsì jọ kọ́ dípò oríkì ilé ọmọ. Kí a sì pa ohùn náà rẹ́ ní kété tí máàkì bá ti wọ ìwé, tí àkókò àtúnyẹ̀wò sì ti kọjá. Kò sí èyí tí ó nílò onímọ̀ ẹ̀rọ nínú wọn. Òbí tí ó fi ọmọ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ fi orúkọ àti ohùn ọmọ náà kún un.