Yinniyinni fún Aláàárù: Àyẹ̀wò Orin ‘The Load-Out’ ti Jackson Browne

Ìfáárà

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé orin tí ó bá dá lórí ìrìnàjò ẹgbẹ́ olórin kò ju ìráhùn lọ: àìsùn, ọ̀nà jíjìn, àárò ilé. Èròǹgbà iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé irú orin bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ orin nípa òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. ‘The Load-Out’, tí Jackson Browne, olórin ará Amẹ́ríkà, àti Bryan Garofalo jọ kọ, ni a yàn láàyò. Ó wà nínú àwo Running on Empty (1977), tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ìrìnàjò eré: lórí ìtàgé, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì àti nínú bọ́ọ̀sì. Ojú ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ lítírésọ̀ ni a fi wò ó.

Kókó Inú Orin Náà

Eré ti parí, òǹwòran ti ń lọ. Olórin ní kí àwọn aláàárù tí ń tú irinṣẹ́, tí ń kó wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù, bọ́ sí orí ìtàgé. Ó yìn wọ́n pé àwọn ni í kọ́kọ́ dé, àwọn ni í sì í kẹ́yìn kúrò. Kò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú nípa owó-ọ̀yà wọn: èyí tí ó kéré jù lọ ni. Lẹ́yìn náà ni ó kan ayé ẹgbẹ́ náà lójú ọ̀nà: àwọn ìlú jọra dé ibi pé wọn kò mọ̀ bóyá Chicago ni ó kàn tàbí Detroit, àkókò eré nìkan ni ó máa ń kúrú.

Ìtúpalẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Níbẹ̀rẹ̀, ‘wọ́n’ ni olórin ń pe àwọn aláàárù; lẹ́yìn náà ni ó wá ń pè wọ́n ní ‘ẹ̀yin’. Kí orin tó parí, òǹwòran ti gba ‘ẹ̀yin’ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. ‘Àwa’ kò kúrò lọ́dọ̀ àwọn olórin rí.

Ìlò ohùn-èlò gbe èyí lẹ́sẹ̀. Dùùrù nìkan ni ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ohun èlò yòókù wá ń bá a kẹ́gbẹ́. Ọ̀rọ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ohùn ń tú u sílẹ̀. Orin náà sì wọ inú ‘Stay’ ti Maurice Williams (1960) lọ. Níbẹ̀, ọkùnrin ni ó ń bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ pé kó dúró díẹ̀ sí i. Browne yí ẹ̀bẹ̀ náà sí òǹwòran. Bí òǹwòran bá dúró, ta ni yóò pẹ́ sùn? Dùùrù ṣì wà nílẹ̀ tí aláàárù yóò gbé. Yorùbá ní yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn; nínú orin yìí, ‘mìíràn’ náà ni ó kù sí aláàárù lọ́rùn.

Èyí kò sọ ìyìn Browne di irọ́. Orin tí ó dárúkọ owó-ọ̀yà ẹni tí ń ru ẹrù kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn kì í ṣe àfikún owó.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú ìwádìí rẹ̀ lórí orin jùjú, Waterman (1990) ṣàlàyé bí ọ̀gá ẹgbẹ́ ṣe ń ṣàkóso owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá a wá. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé orin kan dùn, kí wọ́n jọ wádìí ẹni tí ó gbé gbohùngbohùn wá síbẹ̀, àti bóyá orin náà dárúkọ rẹ̀.