Ọmọbìnrin Kejì Nínú Àwòrán Ilé Mansfield

Àwọn àgbà wa ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ó tọ́ kí á rántí ọ̀rọ̀ yìí bí a bá dé Ààfin Scone ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí àwòrán àwọn ọmọbìnrin méjì wà, tí a yà ní ìwọ̀n ọdún 1779. Ọ̀kan jẹ́ funfun, ó mú ìwé lọ́wọ́. Èkejì jẹ́ dúdú, ó wé láwàní tí a fi ìyẹ́ sí, ó gbé èso dání, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìdílé Mansfield ni ó ni àwòrán náà; ilé wọn ní Kenwood, lẹ́bàá London, ni ó wà tẹ́lẹ̀ rí. Nínú ìwé tí a fi ka ẹrù Kenwood ní ọdún 1904, a kọ orúkọ Lady Elizabeth, ẹni funfun. Ìránṣẹ́ dúdú ni a pe èkejì, a kò sì dárúkọ rẹ̀.

Àwa kò gbà pé àwòrán náà ni ó ṣi akọ̀wé yẹn lọ́nà, àṣà ni. Lóòótọ́, àwọn ayàwòrán ìgbà náà a máa fi láwàní àti èso sí ìránṣẹ́ dúdú lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo aṣọ sẹ́dà tí ó wọ̀, ẹ wo péálì ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì wo ọwọ́ tí Elizabeth nà kàn án. Ẹnu méjì ni àwòrán yìí fi ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà ó yẹ kí á pe ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ẹlẹ́rìí kò ṣọ̀wọ́n. Thomas Hutchinson, tí ó ti jẹ́ gómìnà Massachusetts rí, jẹun ní Kenwood ní ọdún 1779. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ọmọbìnrin dúdú kan wọlé lẹ́yìn oúnjẹ, ó jókòó ti àwọn obìnrin ilé, ó sì bá wọn rìn nínú ọgbà, ọ̀kan nínú wọn fi apá kọ́ ọ lápá. Dido ni a ń pè é. Ìwé ìrìbọmi ọdún 1766 pè é ní Dido Elizabeth, ọmọ ọdún 5. Maria Belle, obìnrin Áfíríkà tí a kó lẹ́rú, ni ìyá rẹ̀. Sir John Lindsay, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi, ni bàbá rẹ̀. Lindsay yìí sì jẹ́ ọmọ arábìnrin Lord Mansfield, adájọ́ àgbà tí ó dá ẹjọ́ Somerset ní ọdún 1772. Ìbátan Elizabeth ni Dido í ṣe, kì í ṣe ìránṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, Mansfield fi ìdí òmìnira Dido múlẹ̀, ó sì fún un ní £100 lọ́dọọdún. Ní ọdún 1984 ni Gene Adams tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí Dido jáde.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe kejì ń bẹ, èyí tí ìfẹ́ ń bí. Àwòrán ọkùnrin dúdú kan wà ní ilé ìṣúra ohun àtijọ́ ìlú Exeter. Ìwé púpọ̀ ti gbé e jáde pé Olaudah Equiano ni, nítorí pé ó wu àwọn òǹkọ̀wé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ọkùnrin náà jẹ́ ti ìwọ̀n ọdún 1758, nígbà tí Equiano ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin nínú oko ẹrú.

Lójú tiwa, ẹni tí ó fi orúkọ du ènìyàn àti ẹni tí ó fi orúkọ olórúkọ pè é, ẹ̀bi kan náà ni wọ́n jẹ. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó bá gbé àwòrán àtijọ́ ka iwájú ọmọ ilé-ìwé kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀, inú ìwé wo ni ó sì wà?